Àpótí Àlàájà: àgbéyẹ̀wò ìrìn-àjò ọkọ̀ òkun alẹ́ méje láti Southampton sí Norway

Ẹ̀ẹ̀kẹsàn-án rèé tí mo máa wọ ọkọ̀ òkun ìgbafẹ́ láti Southampton, n kò sì kọ ohunkóhun sílẹ̀ nípa mẹ́jọ àkọ́kọ́. A lọ, a jẹ, òkun ru díẹ̀, a padà délé, ó tán. Ohun tó mú mi jókòó kọ̀wé lọ́tẹ̀ yìí ni àpótí aṣọ kan ṣoṣo, aláwọ̀ búlúù, tí mo so okùn pupa mọ́ lọ́wọ́, tí a fà lé àwọn aláàárù lọ́wọ́ ní èbúté ní agogo kan ọ̀sán ọjọ́ Sátidé, tí ojú wa kò sì kàn án mọ́ títí di agogo márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì. N kò ní dárúkọ ilé-iṣẹ́ tó ni ọkọ̀ náà. Ẹni tó bá ti wọ ọkọ̀ wọn rí yóò dá wọn mọ̀ kí ó tó kà á dé ìdajì.

Èmi àti ìyá mi ni a jọ lọ. Àlàájà pé àádọ́rin ọdún ní ọjọ́ Àìkú, tí í ṣe ọjọ́ kejì ìrìn-àjò náà, mo sì mọ̀ọ́mọ̀ mú ọ̀sẹ̀ yẹn nínú oṣù Kẹfà nítorí pé ọkọ̀ kì í dúró níbì kankan lọ́jọ́ kejì, alẹ́ rẹ̀ ni wọ́n sì máa ń ní kí gbogbo èrò múra bí ẹni ń lọ òde ńlá. Láti nǹkan bí oṣù mẹ́ta sẹ́yìn ni Àlàájà ti sọ pé sányán tí wọ́n hun fún òun ní Ìsẹ́yìn ní ọdún 1998 ni òun máa wọ̀: ìró, bùbá, gèlè àti ìborùn, gbogbo rẹ̀ pátá. Inú àpótí búlúù yẹn ni gbogbo rẹ̀ wà.

Ẹni tó bá ti rìn irú ìrìn yìí mọ bí wọ́n ṣe ń pín ẹrù. O fà á sílẹ̀ ní èbúté, wọ́n gbé e gba inú ẹ̀rọ tó ń yẹ inú ẹrù wò, lẹ́yìn náà ni wọ́n á wá gbé e sẹ́nu ọ̀nà yàrá rẹ kí ilẹ̀ tó ṣú. Àpótí tèmi dé ní agogo mẹ́rin. Nígbà tí ó di wákàtí méjì àti ogójì ìṣẹ́jú lẹ́yìn ìgbà tí ọkọ̀ ti ṣí, tí ti Àlàájà kò sì dé, mo sọ̀ kalẹ̀ lọ sọ́dọ̀ àwọn agbàlejò ní àjà karùn-ún. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan rẹ́rìn-ín músẹ́ sí mi, ó ní kí n fara balẹ̀, pé ẹgbẹẹgbẹ̀rún àpótí ni àwọn ń pín. Mo fara balẹ̀. Mo padà lọ ní agogo mẹ́sàn-án ààbọ̀. Obìnrin kan ló wà níbẹ̀ nígbà yẹn. Ó kọ nọ́ńbà yàrá wa sórí bébà kékeré aláwọ̀ ìyeyè kan, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara kọ̀ǹpútà iwájú rẹ̀, ó ní òun á pè mí. Nígbà tí mo padà dé ní agogo mọ́kànlá ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ọkùnrin kẹta bẹ̀rẹ̀ sí í bi mí ní nọ́ńbà yàrá mi lákọ̀tun, bẹ́ẹ̀ bébà ìyeyè yẹn ṣì wà níbi tí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́, ó ń wò mí, mo ń wò ó. Mo fi ìka hàn án. Ó ní, "Áà, bẹ́ẹ̀ ni, a ti mọ̀ nípa rẹ̀."

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú, ní agogo mẹ́jọ kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún, wọ́n fún mi ní fọ́ọ̀mù ẹrù tó sọnù. Wọ́n ní kí n kọ ohun tó wà nínú àpótí náà, kí n sì kọ iye tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn tó. Mo kọ bàtà. Mo kọ ìborùn òtútù. Nígbà tí mo dé orí sányán, mo gbé bírò sílẹ̀. Àwọn tó hun ún ti kú, aṣọ náà sì ti dàgbà ju ọmọ mi àgbà lọ; kí ni kí n kọ síwájú rẹ̀, pọ́n-ùn mélòó? Obìnrin náà ní kí n ṣáà fojú díwọ̀n rẹ̀. Mo béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ bóyá wọ́n ti wá a lọ́dọ̀ àwọn ẹ̀ṣọ́, nítorí mo mọ̀ pé ẹ̀ṣọ́ máa ń dá ẹrù dúró bí wọ́n bá rí ohun tí kò tẹ́ wọn lọ́rùn nínú rẹ̀. Ó ní bó bá wà lọ́dọ̀ wọn, wọn ì bá ti fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí mi. Mo sì dá a lóhùn, pẹ̀lú ìgbéraga ẹni tó ti rin ìrìn yìí lẹ́ẹ̀mẹ́jọ, pé kò lè sí ohun tí òfin kọ̀ nínú ẹrù wa, torí pé èmi fúnra mi ni mo dì í. Ẹ fi gbólóhùn yẹn sọ́kàn.

Ohun tó dùn mí jù ni pé ọkọ̀ kan náà yìí ṣe ìdánrawò ààbò lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé lọ́nà tí kò ní àbùkù. Wọ́n fi fíìmù hàn wá lórí tẹlifíṣọ̀n yàrá, a gbọ́ fèrè kúkúrú méje àti gígùn kan, a lọ sí ibi ìpéjọ wa, wọ́n fi ẹ̀rọ ka káàdì wa, wọ́n sì ń lé àwọn tí kò tíì wá káàkiri títí orúkọ gbogbo èrò fi pé. Ó yẹ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí Costa Concordia forí sọ àpáta létí erékùṣù Giglio ní Ítálì ní oṣù Kíní ọdún 2012, tí ènìyàn 32 kú, àwọn èrò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé lọ́jọ́ yẹn kò tíì ṣe ìdánrawò kankan, ìdí nìyẹn tí òfin fi wá sọ pé kí ọkọ̀ tó ṣí, tàbí bó bá ti ń ṣí gan-an, kí gbogbo èrò ti ṣe é. Ilé-iṣẹ́ tó lè mọ ibi tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn dúró sí láàárín wákàtí kan kò mọ ibi tí àpótí kan wà láàárín wákàtí méjìdínlọ́gbọ̀n.

Ọmọkùnrin tó ń tún yàrá wa ṣe ló bá wa rí i. Ará Goa ni, ní ilẹ̀ Íńdíà, oṣù kẹfà rẹ̀ sì nìyẹn lórí omi láìtíì délé. Ní agogo mẹ́rin ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́ Àìkú, ó bá Àlàájà níbi tó jókòó sí létí ibùsùn pẹ̀lú aṣọ tó fi wọkọ̀ lánàá, ó bi í léèrè ohun tó dé. N kò sí nínú yàrá; àjà karùn-ún ni mo wà, níbi tí mo ti ń jà. Nígbà tí mo fi máa dé, ọmọ náà ti kan ilẹ̀kùn yàrá tó dojú kọ tiwa. Lẹ́tà àwọn ẹ̀ṣọ́ wà lóòótọ́. Láti agogo mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ Sátidé ni wọ́n ti kọ ọ́, wọ́n ṣèèṣì jù ú sí yàrá iwájú, tọkọtaya àgbàlagbà tó wà níbẹ̀ sì ti gbé e lọ fún àwọn agbàlejò kí wọ́n tó lọ jẹun alẹ́. Èyí túmọ̀ sí pé ní gbogbo ìgbà tí wọ́n ń sọ fún mi pé kí n fara balẹ̀, lẹ́tà àpótí mi àti bébà ìyeyè mi jọ wà lórí tábìlì kan náà.

A sọ̀ kalẹ̀ lọ sí yàrá àwọn ẹ̀ṣọ́. Ọkùnrin ará Nepal kan ló gbé àpótí náà síwájú wa, ó sì fi àwòrán tí ẹ̀rọ yà hàn mí. Láàárín aṣọ, nǹkan kan wà níbẹ̀ tó dúdú kirikiri, tó rí ṣóńṣó níwájú bí ọkọ̀ ojú omi kékeré. Mo ní èmi kò mọ̀ ọ́n. Ó ní kí n ṣí i. Mo tú ìró sányán náà wò, áyọ́ọ̀nù ni mo bá nínú rẹ̀, tí wọ́n fi wáyà rẹ̀ wé e lọ́nà tí mo ti mọ̀ láti kékeré.

Mo yíjú sí Àlàájà. Ó ń wo ògiri.

"Màámi, ta ló gbé áyọ́ọ̀nù síbí?"

"Áyọ́ọ̀nù mi ni. Mo mọ̀ pé o máa ní kí n má gbé e."

"Wọn kì í gbé e wọ ọkọ̀, Màámi. Iná ni wọ́n ń bẹ̀rù. Bí iná bá ṣẹ́ yọ lórí omi, kò síbi tí èèyàn máa sá sí."

"Ta ló fẹ́ dá iná? Áyọ́ọ̀nù àwọn wọ̀nyí, ọ̀rá ti jó mọ́ ọn nídìí. Òun lo fẹ́ kí n gbé lé sányán?"

Ẹ̀ṣọ́ náà kò gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n mo rò pé ó ní ìyá nílé, nítorí ó wolẹ̀, ó sì rọra gba áyọ́ọ̀nù náà, ó fún wa ní ìwé tí a ó fi gbà á padà ní Southampton. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo ti sọ fún obìnrin fọ́ọ̀mù yẹn wá ń ta mí létí. Síbẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tààrà: ẹ̀bi áyọ́ọ̀nù, tiwa ni, ẹ̀bi ọjọ́ kan gbáko tí a kò fi gbọ́ ohunkóhun, tiwọn ni, n kò sì ní pò wọ́n pọ̀.

Wákàtí kan péré ló kù kí oúnjẹ alẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, aṣọ náà sì ti rún. Ọmọ Goa yẹn ló mú wa lọ sí yàrá ìfọṣọ tí àwọn èrò ń lò ní ìpẹ̀kun ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa, níbi tí áyọ́ọ̀nù mẹ́ta ti ọkọ̀ fúnra rẹ̀ wà, tí wọ́n fi wáyà kúkúrú so mọ́ ògiri. Àwọn ìyá òyìnbó mẹ́rin ló ti tò pẹ̀lú aṣọ lọ́wọ́. Àlàájà yí ìdí áyọ́ọ̀nù kìn-ín-ní sókè, ó wò ó, ó gbé e sílẹ̀. Ó wo ìkejì. Ó gba ìkẹta. Ó rẹ áńkáṣíìfù rẹ̀ sínú omi, ó fún un, ó tẹ́ ẹ sórí sányán, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ láìfà á, bí òórùn aṣọ tí a ti tọ́jú pẹ́ ṣe ń dìde pẹ̀lú ooru. Ọmọ náà di etí ìró yẹn kejì mú kí ó má bàa kan ilẹ̀. Kò sẹ́ni tó ní kó ṣe é, yàrá mélòó kan ṣì wà níwájú rẹ̀ tí kò tíì tún ṣe. Ọ̀kan nínú àwọn ìyá òyìnbó náà ní kí a máa bá a lọ, pé òun lè dúró, ó sì ń bi Àlàájà léèrè bóyá ọwọ́ ni wọ́n fi hun ún.

Ní agogo méje ku ìṣẹ́jú márùn-ún ni a wọ yàrá ìjẹun, gèlè ló kọ́kọ́ wọlé. Mo ti kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù oṣù mélòó kan sẹ́yìn pé ẹran halal ni ìyá mi ń jẹ, mi ò sì retí púpọ̀, nítorí lórí ọkọ̀ méjì tí mo ti wọ̀ ṣáájú, ẹja ni wọ́n fi rọ́pò ohun gbogbo. Ti àwọn wọ̀nyí yàtọ̀. Olórí agbáwo wá sídìí tábìlì wa lálaalẹ́ pẹ̀lú ìwé oúnjẹ ọjọ́ kejì, ó ń fi ìka tọ́ka sí èyí tí wọ́n lè sè lọ́tọ̀ fún un, kì í sì í kúrò títí Àlàájà á fi yan èyí tó wù ú. Ẹran àgùntàn alẹ́ ọjọ́ ìbí yẹn rọ̀ débi pé Àlàájà kò lo ọ̀bẹ.

Nígbà tí a padà sí yàrá, ohun tí ilé-iṣẹ́ fi bẹ̀bẹ̀ wà lórí tábìlì: ìgò wáìnì pupa kan, gíláàsì méjì, káàdì tí wọ́n kọ "Ẹ má bìínú" sí. Fún Àlàájà. Ọ̀rọ̀ náà pa mí lẹ́rìn-ín kí ó tó bí mi nínú. Yàrá ìjẹun mọ̀ pé halal ni ìyá mi ń jẹ, àwọn agbàlejò kò mọ̀, ó dà bí ẹni pé ọkọ̀ méjì ni a wọ̀. Mo gbé ìgò náà fún tọkọtaya iwájú wa. Àwọn ló ṣiṣẹ́ fún un.

Lórí Norway fúnra rẹ̀, n kò ní pẹ́. Stavanger dára fún ẹni tí ẹsẹ̀ ń dùn, nítorí ẹnu ọ̀nà ìlú gan-an ni ọkọ̀ ń dúró sí. Ọ̀dọ̀ àwọn ará Olden ni Àlàájà ti gbà pé ó tọ́ kí òun wá: a wọkọ̀ lọ sí Loen, a wọ yàrá tí okùn irin ń fà gun òkè Hoven, tó ga ní mítà 1,011 sí ojú omi, ó sì ń ka àdúà láti ìsàlẹ̀ dé òkè láìlajú wo ìta. Nígbà tó lajú lókè, kò sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Òjò ni a rí ní Bergen. Ẹni tó bá ń kírun kí ó mọ̀ pé lóṣù Kẹfà, agogo mọ́kànlá alẹ́ máa ń kọjá lápá ibẹ̀ kí oòrùn tó wọ̀, nítorí náà oorun Àlàájà kò tó. Ó ń fi àwòrán ilẹ̀ tó ń fi ibi tí ọkọ̀ kọjú sí hàn lórí tẹlifíṣọ̀n wá ìhà Mẹ́kà, bí ọkọ̀ bá sì yí, a ó yí kápẹ́ẹ̀tì ìkírun padà.

Owó òṣìṣẹ́ tí wọ́n ń yọ lójoojúmọ́ lára owó èrò, mo fi í sílẹ̀ bó ṣe wà. Agbàlejò kan tilẹ̀ sọ pé mo lè ní kí wọ́n yọ ọ́ kúrò nítorí ìyà tó jẹ wá, bí ẹni pé àwọn tó jẹ wá níyà ni owó náà ń lọ bá. Mo fún ọmọ Goa náà ní ti ọwọ́ mi lọ́tọ̀.

Ní Southampton, orí tábìlì gígùn kan lẹ́yìn ibi tí a ti ń kó ẹrù ni wọ́n to àwọn ohun tí wọ́n gbà lọ́wọ́ èrò sí: wáyà onísọ́kẹ́ẹ̀tì púpọ̀, kẹ́tù kan, àti áyọ́ọ̀nù Àlàájà. Ó tú wáyà rẹ̀, ó wo ìdí rẹ̀, ó tún un wé, ó sì kó o sínú báàgì ọwọ́ rẹ̀. Kò jẹ́ kí n fi sínú àpótí.

Máàkì 5 nínú 10 ni mo kọ síbí. Àlàájà ní kí n ka ohun tí mo kọ fún òun, mo kà á, ó béèrè pé ọmọ tó di ìró òun mú ńkọ́, ṣé 5 náà ni tirẹ̀? Mo pa á rẹ́. 8 nínú 10.