Ọ̀nì odò ńlá àti ọ̀nì inú igbó, wọn ò jọra o

Tí wọ́n bá ti dá ọ̀rọ̀ ọ̀nì sílẹ̀ ní Kábbà tàbí Ìsánlú, odò Ọya tó kọjá ní Lọ́kọ́ja ló máa ń wá sí wa lọ́kàn, àmọ́ ọ̀nì tó wà ní Nàìjíríà ju oríṣi kan lọ.

Ti odò ńlá yẹn, Crocodylus suchus ni wọ́n ń pè é, tẹ́lẹ̀ wọ́n rò pé ìkan náà lòun àti ọ̀nì odò Náílì, àfìgbà tí wọ́n yẹ DNA wọn wò. Etí omi ló ti ń yá oòrùn, á la ẹnu sílẹ̀ gbayawu kí ara ẹ̀ má bàa gbóná jù, iyanrìn ló sì ń gbẹ́ tó bá fẹ́ yé ẹyin.

Èkejì, Osteolaemus tetraspis, kékeré ni, bíi mítà 1.5, ó dúdú, ìmú ẹ̀ kúrú. Igbó òjò apá gúúsù ló ń gbé, nínú irà àtodò kéékèèké. Ihò ló ń sá sí lọ́sàn-án, tílẹ̀ bá ṣú á jáde wá akàn àti ẹja. Kì í gbẹ́ iyanrìn ní tiẹ̀, ewé ló ń kó jọ sórí ẹyin, bí ewé yẹn ṣe ń jẹrà ló ń mú ooru wá. Ẹ wá gbọ́ o, fáwọn méjèèjì, bí ìtẹ́ bá ṣe gbóná tó ló ń sọ bóyá akọ tàbí abo ló máa jáde!

Èmi o, kékeré yẹn ló wù mí jù, kì í dà wá láàmú, àwa là ń pa á tà bí ẹran ìgbẹ́. Ti ńlá yẹn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọṣọ níbi tẹ́ ẹ bá ti rí i.