Àpótí yìí tó owó rẹ̀, àmọ́ ẹ má gbàgbé ẹ̀yìn fọ́tò

Ìràwọ̀ márùn-ún fún àpótí tí mo rà láti fi tọ́jú dáyárì àti fọ́tò àtijọ́, mẹ́ta fún àwọn tó bá mi ṣe scan wọn.

Dáyárì mẹ́rin ni baba tó bí bàbá-bàbá mi kọ lẹ́yìn tó kó aya àtọmọ wá tẹ̀dó sílẹ̀ àjèjì. Òjò rọ̀, ó kọ ọ́. Màlúù bímọ, ó kọ ọ́. Inú páálí ọṣẹ ni mo ti bá wọn. Àwọn fọ́tò ńkọ́? Ẹ̀gbọ́n mi ti lẹ̀ wọ́n sínú álíbọ́ọ̀mù olójú gọ́ọ̀mù. Ire ló rò, àmọ́ mẹ́ta ti bàjẹ́.

Àpótí tí kò ní ásíìdì ni mo rà, pẹ̀lú àpò ike polyester fún fọ́tò. Ásíìdì inú páálí lásán ló ń sọ ìwé di pupa rúsúrúsú, títí yóò fi máa rún bí ewé gbígbẹ. Tí ẹ bá fẹ́ ra àpò, ẹ wò ó bóyá wọ́n kọ PAT (Photographic Activity Test) sí i: wọ́n ti dán irú èyí wò pé kò ní ba fọ́tò jẹ́. PVC, ike tó ń rùn bí rọ́bà tuntun, ẹ sá fún un. Ìdérí àpótí náà le o, èékánná mi kan ti bá a lọ.

Àwọn oníscan mọ ẹ̀rọ lò. 600 dpi (iye àmì kéékèèké nínú ínṣì kan) ni wọ́n fi ya fọ́tò, TIFF, irú fáìlì àwòrán kan, ni wọ́n fi pamọ́. Mo rí ibi tí yíǹkì àtijọ́, tí irin wà nínú rẹ̀, ti jẹ bébà lu. Àmọ́ wọn ò ya ẹ̀yìn fọ́tò! Nínú fọ́tò kan, obìnrin mẹ́ta dúró níwájú ahéré. Ohun tí wọ́n fi pẹ́ńsùlù kọ sẹ́yìn rẹ̀ nìkan ló sọ èwo nínú wọn ni ìyá. Wọ́n tún yọ ewé gbígbẹ kan kúrò nínú dáyárì kejì, wọn ò kọ ojú ìwé tó ti wá.

Mo pè wọ́n. Ọmọbìnrin tó gbé fóònù ní, “Ẹ má bínú mà, a rò pé ìdọ̀tí ni ewé yẹn.” Ìdọ̀tí kẹ̀! Ṣùgbọ́n wọ́n ya ẹ̀yìn fọ́tò náà fún mi lọ́fẹ̀ẹ́.

Orí scan wọn náà ni mo ti wá ojú ìwé tí ewé yẹn ti wá, alẹ́ méjì gbáko, kí n tó rí àmì rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjọ́ kan tí baba kọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo sí: “Òjò.” Mo ti dá ewé náà padà síbẹ̀, mo fi bébà tí kò ní ásíìdì wé e.