Àtúnṣe rédíò oní-fáàfù l'Ọ́jà Ọba, Àkúrẹ́: iṣẹ́ inú múná dóko, ojú gíláàsì ni wọ́n bàjẹ́

Bí rédíò onígi Jámánì, irú èyí tó jáde lẹ́yìn 1950, tó ń fi fáàfù (ike gíláàsì tó ń gbóná bíi gílóòbù) ṣiṣẹ́, bá ti wà nílé fún ogún ọdún láìsọ̀rọ̀, ẹ má kàn kì í bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì. Ibẹ̀ ni rédíónìkì agbègbè Ọjà Ọba yìí ti fi hàn pé òun mọṣẹ́: gílóòbù 60 wáàtì, irú èyí tó ń gbóná, ló fi sáàárín wáyà iná kó tó tan rédíò. Gílóòbù náà tàn díẹ̀, ó wá rẹlẹ̀. Ká ní ó tàn yòò tí kò wálẹ̀ ni, ṣíọ́ọ̀tì wà nínú rẹ̀. Ó tún yí ibi ìyan iná tó wà lẹ́yìn rédíò kúrò lórí 220 sí 240 fóòtì.

Kapásítọ̀ (ohun kékeré tó ń tọ́jú iná) oníbébà tó ń gbé ohùn lọ sí ẹsẹ̀ kejì fáàfù EL84, èyí tó ń fún sípíkà lágbára, ni ọ̀daràn gan-an. Bó bá ti ń jò, EL84 á gbóná kọjá ààlà, tìráńsífọ́mà ohùn lè bá a lọ. Mítà ni wọ́n fi ń mọ̀ ọ́n: òdo ló yẹ kó wà ní ẹsẹ̀ yẹn, bí fóòtì kan bá yọjú, ẹ pààrọ̀ kapásítọ̀ náà. 0.022 µF oní-630 fóòtì ló fi rọ́pò rẹ̀, iye kan náà pẹ̀lú ti àtijọ́.

Nítorí ìró hùùù, ó fi kapásítọ̀ 47 µF méjì sí i, 450 fóòtì. Àwọn mìíràn á ní kó fi 100 sí i kó lè dákẹ́ pátápátá. Àmọ́ fáàfù EZ80 tó ń yí iná sí DC (iná tó ń lọ sí ọ̀nà kan ṣoṣo) kò gbà ju 50 µF lọ, ẹni tó bá di ẹrù lé e á ra òmíràn. Ẹ fi rẹ̀sísítọ̀ (ohun tó ń dín agbára iná kù) 10 kΩ fa iná inú àwọn kapásítọ̀ kí ẹ tó fọwọ́ kàn wọ́n. Ó lè tó 250 fóòtì, kódà lẹ́yìn tí ẹ ti yọ wáyà.

Sípíríìtì ni wọ́n fi nu ẹ̀yìn gíláàsì ojú rédíò, ibi tí wọ́n tẹ lẹ́tà sí. Orúkọ ìlú mẹ́ta tó wà lára rẹ̀ ti lọ. Búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ ló tọ́ síbẹ̀, àánú ń ṣeni.

Ilé iṣẹ́ rédíò Adaba 88.9 àti Orange 94.5 wọlé ketekete. Ẹ má bínú sí rédíónìkì nítorí Positive 102.5 tí kò wọlé: ojú FM rédíò yìí kò kọjá 100.

Owó iṣẹ́ kò ga, fáàfù ló wọ́n. Bí wọ́n bá ní EL84 ti tán láyé, irọ́ ni, wọ́n ṣì ń ṣe é ní Slovakia. Ẹ sì gba kapásítọ̀ àtijọ́ padà, kí ẹ lè mọ̀ pé lóòótọ́ ni wọ́n pààrọ̀ rẹ̀.