Ẹ ṣọ́ra o! Bluetooth lásán ni wọ́n tà fún mi ní "ádápítà Xbox"

Ẹ̀yin ará wa ní Kàbà, Ìyàrà, Mọ̀pà, Ìsánlú, títí dé Ẹ̀gbẹ̀, òkun o. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé òun ní ádápítà Xbox, èyí tí a fi ń so páàdì géèmù mọ́ kọ̀ǹpútà láìlo wáyà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka èyí tán kí ẹ tó fi owó ṣọwọ́. ₦38,000 ni mo ra tèmi. Ẹgbẹ̀rún méjìdínlógójì! Ohun tó wà nínú páálí náà kò tó ₦3,000.

Mi ò ní dárúkọ ṣọ́ọ̀bù náà. Kì í ṣe pé ẹ̀rù ń bà mí. Ìyàwó mi ló ní kí n má fi ẹjọ́ kún òfò. Òun náà kò sì mọ iye tí òfò ọ̀hún jẹ́, torí ₦15,000 ni mo pè é fún un. Kì í ka ohun tí mò ń kọ síbí, Ọlọ́run ṣeun.

Ẹ jẹ́ kí n fi ẹnu ara mi sọ ọ́ kí ẹlòmíì tó bá mi sọ ọ́: tíṣà kọ̀ǹpútà ni mí. Àwọn ọmọ SS2 ni mò ń kọ́. Èmi ni mò ń dúró níwájú bọ́ọ̀dù tí mò ń ka àwọn ohun tí a fi ń bá kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀ fún wọn, kíbọ́ọ̀dù, máòsì, páàdì géèmù. Ẹ rẹ́rìn-ín. Bí ẹ bá rín in tán, kí n máa bá ọ̀rọ̀ mi lọ.

Páàdì náà kò ṣẹ̀ mí o. Ti Xbox One, ẹ̀rọ géèmù Microsoft, ni, àbúrò mi tó ń gbé Èkó ló fi ránṣẹ́ nígbà tó ra tuntun. Ó ṣì mọ́, ó sì dúró dáadáa lọ́wọ́. Ohun tí mo ń wá kò ju pé kí n jókòó sórí àga mi lálẹ́, lẹ́yìn tí mo bá máàkì ìwé tán, kí n so láptọ́ọ̀pù mọ́ tẹlifíṣọ̀n, kí n gbá bọ́ọ̀lù fún wákàtí kan. Mi ò fẹ́ wáyà torí àwọn ọmọ tó ń sáré kiri inú pálọ̀. Ẹni tó bá sì fẹ́ sọ pé àgbàlagbà kì í ta géèmù, kó kọ́kọ́ lọ bá àwọn tó ń ta ayò lábẹ́ igi láti àárọ̀.

Orí status WhatsApp ọlọ́jà kan ní Lọ́kọ́jà ni mo ti rí i. Páálí aláwọ̀ ewé, lẹ́tà X gàdàgbà lára rẹ̀, ó kọ ọ́ sábẹ́ pé ojúlówó ni, pé páàdì 8 ló ń gbà lẹ́ẹ̀kan náà. Òótọ́ sì ni, ojúlówó ádápítà Microsoft ń gba páàdì 8. Irọ́ tí wọ́n po òótọ́ mọ́ ló tètè ń wọlé. Mo bi í bóyá ó máa bá páàdì mi ṣiṣẹ́. Kò bi mí pé irú páàdì wo ni. Ohun tó kọ ni pé, "Òkun o, ẹ̀gbọ́n mi! Ẹ máa bọ̀, ọjà ń bẹ nílẹ̀."

"Òkun", ìkíni ilẹ̀ wa, tó fi kí mi yẹn ló pa mí. Ní Lọ́kọ́jà, níbi tí gbogbo ẹ̀yà ti pàdé bí odò méjèèjì ṣe pàdé, téèyàn bá gbọ́ "òkun" lẹ́nu ọlọ́jà, ọkàn rẹ̀ á balẹ̀. Mo ní ọmọ wa nìyí. Nígbà tí mo débẹ̀, ó ní ọmọ Búnú ni ìyá òun. Bóyá irọ́ nìyẹn náà.

Sátidé ni mo lọ. Mo gba títì kọnkéré tó gba Obajana kọjá, àwa àti tírélà sìmẹ́ńtì, eruku ní imú, láptọ́ọ̀pù mi lórí itan. Ẹ fi ọ̀rọ̀ láptọ́ọ̀pù yẹn sọ́kàn, mo ń bọ̀ wá bá a. Ìsọ̀ kékeré ni, láàárín àwọn tó ń ta káfà fóònù àti ṣájà. Ó gbé àga fún mi. Ó ra omi tútù fún mi! Ó ní ₦42,000, mo ná an dé ₦38,000, inú mi dùn. Mo tilẹ̀ rò pé mo rẹ́ ẹ jẹ. Mo ti wo iye tó jẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì tẹ́lẹ̀: dọ́là 24.99 ni Microsoft pe èyí tó kéré, tó jáde ní 2017. Mo ṣírò rẹ̀ sí náírà nínú ọkọ̀, ó sún mọ́ ₦38,000, mo ní owó bára mu. Ẹ wo òmùgọ̀! Ta ló máa kó ọjà gba orí òkun wá, tó máa sanwó ibodè, tó máa wá tà á fún ọ ní iye tí wọ́n ń tà á lọ́hùn-ún? Ìṣirò ọmọ praímárì ni, mi ò sì ṣe é.

Mo ní kó jẹ́ ká dán an wò. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ti mú iná lọ láti àárọ̀, jẹnẹrétọ̀ mi sì ń ṣàìsàn." Mo ní ó dáa.

Láptọ́ọ̀pù mi wà nínú báàgì! Bátìrì rẹ̀ lé ní ìdajì! Kò nílò iná ẹnikẹ́ni. Páàdì nìkan ni mo gbàgbé sílé, mo wá rò pé láìsí páàdì kò sí ohun tí a lè dán wò. Bẹ́ẹ̀, tí mo bá kàn tì í bọ láptọ́ọ̀pù, tí mo sì ṣí Device Manager, ibi tí Windows ti ń to gbogbo ẹ̀rọ ara kọ̀ǹpútà, láàárín ìṣẹ́jú kan ni àṣírí ì bá tú. Èmi tí mò ń fi Device Manager han ọmọ ọlọ́mọ. Ó ti ń di oṣù kan báyìí, ọ̀rọ̀ yẹn ṣì ń jí mi lóru.

Alẹ́ ọjọ́ náà, mo ti din ẹ̀pà sílẹ̀. Mo tì í bọ kọ̀ǹpútà, iná búlúù kékeré kan tàn. Mo tẹ bọ́tìnnì X ńlá àárín páàdì, mo tẹ èyí tó wà lókè rẹ̀ mọ́lẹ̀, iná funfun bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú. Ó ṣẹ́jú, ó ṣẹ́jú, ó kú. Mo tún un tẹ̀. Ìwé pélébé inú páálí ní kí n tẹ bọ́tìnnì tó wà lára ádápítà. Mo fi tọ́ọ̀ṣì fóònù yẹ̀ ẹ́ wò yíká. Bọ́tìnnì kankan ò sí. Mo ní bóyá èyí tuntun ni, tí wọn ò fi bọ́tìnnì sí mọ́. Ẹ gbọ́ àwáwí tí mò ń wá fún olè nínú ilé ara mi! Mo pààrọ̀ bátìrì páàdì. Mo pa kọ̀ǹpútà, mo tan án. Mo wa Windows tuntun sílẹ̀, dátà gíìgì méjì lọ. Aago méjì òru kọjá, ìyàwó mi yọjú, ó ní, "Bàbá Tóbi, ṣé kò tíì gbọ́ tirẹ̀ ni?" Mo ní ó ti kù díẹ̀.

Mọ́ńdè ni mo gbé e lọ sílé ìwé. Ọmọ SS2 kan wà níbẹ̀ tó máa ń tú rédíò jẹ. Mo ní kó bá mi wò ó, bíi pé ìdánwò ni mo fi ń ṣe. Ó gbé e sójú fèrèsé, ó fi èékánná họ etí sítíkà X orí rẹ̀, sítíkà ká sókè bí awọ alùbọ́sà. Abẹ́ rẹ̀ ni wọ́n kọ "CSR 4.0" sí, lẹ́tà fẹ́ẹ́rẹ́ funfun. Ó wò mí, ó wo ilẹ̀. "Ẹ má bínú, sà. Bluetooth lèyí." Àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ti ń fún ara wọn ní ìgúnpá.

Ó ṣí Device Manager, ó wo Hardware Ids, níbi tí nọ́ńbà ilé iṣẹ́ tó ṣe ẹ̀rọ máa ń wà, 0A12 ló bá níbẹ̀. Ti Microsoft, 045E ni. Ó ní, "Sà, páàdì yín gan-an kò ní Bluetooth." A ṣí ilé bátìrì rẹ̀, nọ́ńbà tó wà níbẹ̀ ni 1537. Ti 2013 nìyẹn, àkọ́kọ́ tó bá Xbox One jáde. Èdè tí Microsoft dá fún ara wọn ló ń sọ, kò gbọ́ Bluetooth rárá. Bí ẹni ń sọ Òwé, èdè Kàbà wa, fún ẹni tó gbọ́ Núpé nìkan ni. Wọn ò bínú síra, wọn ò gbọ́ra ni. Bí mo bá jókòó tì í di ọdún tó ń bọ̀, kò lè so.

Mo padà sí Lọ́kọ́jà. Owó ọkọ̀ àlọ àti àbọ̀ mìíràn nìyẹn, ẹ bá mi kà á mọ́ ọn. Iná wà lọ́jọ́ yẹn o, fáànù ń fẹ́ ẹ. Kò sí "ẹ̀gbọ́n", kò sí omi tútù. Ó mú un lọ́wọ́ mi, ó ní, "Ta ló họ sítíkà ara rẹ̀? Ẹ ti bà á jẹ́, kò sí gárántì mọ́." Mo ní abẹ́ sítíkà yẹn gan-an ni ẹ̀rí wà! Ó ní ọjà tí òun bá ti tà, òun kì í gbà á padà. Mo pariwo, àwọn èèyàn yọjú. Ó wá bi mí níṣojú wọn pé, "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní tíṣà kọ̀ǹpútà lẹ̀ ń ṣe, ẹ ò mọ Bluetooth?"

Mi ò rí ohun tí mo fẹ́ fèsì. Mo ti rí i báyìí, èsì bíi mẹ́wàá, ṣùgbọ́n ó ti dí mi lórí WhatsApp.

Àwọn kan máa ní mi ò ṣọ́ra. Òótọ́ ni, mi ò ṣọ́ra. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò ti ilẹ̀kùn, ṣé òun ló jalè? Ó mọ ohun tó ń tà. Ẹnìkan ló jókòó, tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ lẹ sítíkà X mọ́ orí Bluetooth, tó tún fara balẹ̀ kó dọ́gba! Mi ò gba ọ̀kankan nínú wọn gbọ́ mọ́, ẹni tó ń ta ṣájà, ẹni tó ń ta íápíìsì, ẹni tó ń ta bátìrì. Mo mọ̀ pé olóòótọ́ á wà nínú wọn. Kí wọ́n ṣáà jókòó sílé wọn, kí n jókòó sílé mi.

Ohun tó yẹ kí ẹ mọ̀ nìyí, kíákíá. Ẹ ṣí ilé bátìrì páàdì yín kí ẹ tó ra ohunkóhun. 1537 àti 1697 kò ní Bluetooth, ojúlówó ádápítà nìkan tàbí wáyà ló lè gbà wọ́n. 1708 ti 2016 àti 1914 ti 2020 ní Bluetooth, bí láptọ́ọ̀pù yín bá ti ní tirẹ̀, ẹ má ra nǹkan kan. Bí nọ́ńbà bá ti pa rẹ́, ẹ wo ike tó yí bọ́tìnnì X ńlá àárín ká: tó bá ń dán, tó jẹ́ ọ̀kan náà pẹ̀lú àwọn bọ́tìnnì òkè, kò ní Bluetooth. Tó bá jẹ́ ara ojú páàdì fúnra rẹ̀, ó ní. Páàdì Xbox 360 tí kò ní wáyà kò bá ádápítà yìí tàbí Bluetooth ṣe o, ó ní ẹ̀rọ tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ojúlówó ádápítà ní bọ́tìnnì lára. Tí kò bá ní bọ́tìnnì, ẹ dìde níbẹ̀. Ẹ gbé láptọ́ọ̀pù ÀTI páàdì lọ, kí páàdì so lójú yín kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín. Bí wọ́n bá ní kò síná, iná wà nínú láptọ́ọ̀pù yín. Ó tán.

Bí mo ṣe ń ta géèmù báyìí ńkọ́? Wáyà ni. Wáyà fóònù àtijọ́ tí ìyàwó mi kó sínú dúrọ́ọ̀, ẹlẹ́nu pẹlẹbẹ yẹn. Mo tì í bọ páàdì lọ́sàn-án ọjọ́ kan torí inú ń bí mi, kọ̀ǹpútà dá a mọ̀ lójú ẹsẹ̀, ó gbọ̀n lọ́wọ́ mi. Kì í ṣe gbogbo wáyà ló ń ṣe é, àwọn kan wà tó jẹ́ pé iná nìkan ni wọ́n ń gbé. Ṣùgbọ́n èyí ń ṣe é. Ó ti wà nínú dúrọ́ọ̀ yẹn láti ọdún mẹ́ta, lọ́fẹ̀ẹ́. Ọmọ mi ti fẹsẹ̀ kọ́ ọ lẹ́ẹ̀mejì.

Ẹni tó bá ń wá Bluetooth tí yóò fi so gbohùngbohùn tàbí kíbọ́ọ̀dù mọ́ kọ̀ǹpútà àtijọ́, ọ̀kan wà lọ́wọ́ mi ní Kàbà níbí. ₦2,500. CSR 4.0 ni wọ́n kọ sí i lára, etí rẹ̀ kan ṣì ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́ díẹ̀ torí gọ́ọ̀mù. Kì í ṣe ti Xbox o. Ẹ wá dán an wò kí ẹ tó sanwó.