Lọ́yà tó gba ẹjọ́ àbúrò mi tó forí ṣèṣe n'Ìbàdàn: bó ṣe rí fún wa

Lọ́dún 2023, bọ́ọ̀sì tó ń kó òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ kan gbá ọ̀kadà tí àbúrò mi wà lẹ́yìn rẹ̀, lójú títì márosẹ̀ láàárín Òjóò sí Iwo Road. Ọwọ́ ò kán, ẹsẹ̀ ò kán, orí ló fi gúnlẹ̀. Nílé ìwòsàn UCH, àwòrán CT fi hàn pé ẹ̀jẹ̀ ti dà sínú agbárí. Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un, Ọlọ́run sì bá wa ṣe é. Láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan ó ti ń rìn, ó ti ń jẹ àmàlà, àwọn aládùúgbò sì wá bá wa dúpẹ́.

Ilé la padà dé kí ojú wa tó là. Káfíńtà ni àbúrò mi. Á wọn pákó tán, kó tó gbé ayùn, iye tó wọ̀n ti fò lọ lórí rẹ̀. Bí wọ́n bá tan jẹnẹrétọ̀, á wọ yàrá lọ tilẹ̀kùn mọ́rí. Ẹni tí kì í jágbe mọ́ ọmọdé tẹ́lẹ̀ wá ń lé oníbàárà. Bẹ́ẹ̀ bí ẹ bá wò ó, ẹ ò ní rí àléébù kankan lára rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ èyí: lọ́yà tó bá máa gba irú ẹjọ́ yìí gbọ́dọ̀ mọ bí wọ́n ṣe ń gbé ìpalára tí ojú ò rí sórí ìwé. Mi ò ní dárúkọ ọ́fíìsì wọn, torí àdéhùn tí a fi parí ẹjọ́ náà ò gbà wá láyè láti tú gbogbo rẹ̀ síta.

Ká tó dé ọ̀dọ̀ wọn, ọwọ́ gbájúẹ̀ la kọ́kọ́ bọ́ sí. Ọkùnrin kan bá màmá wa níta wọ́ọ̀dù, ó ní lọ́yà lòun, pé mílíọ̀nù mẹ́wàá ò ní í ṣòroó gbà. Ó gba ẹgbẹ̀rún 30 owó fọ́ọ̀mù, a ò sì rí i mọ́. Ó dùn mí wọra títí dòní, torí owó oògùn ni. Ẹ̀yìn náà ni mo wá mọ̀ pé òfin iṣẹ́ lọ́yà ní Nàìjíríà kà á léèwọ̀ fún wọn láti máa wá ẹni tó farapa kiri kí wọ́n lè rí ẹjọ́ gbà. Bí ẹnikẹ́ni bá wá bá yín lórí ibùsùn nílé ìwòsàn láìpè é, ẹ má fún un ní kọ́bọ̀.

Oníbàárà mi kan tí mò ń rán aṣọ fún ló júwe lọ́yà tí a wá lò. Àgbà obìnrin ni wọ́n, ọ́fíìsì wọn wà lápá Ring Road, kò jìnnà sí Kóòtù Gíga. Ẹgbẹ̀rún 20 la san kí wọ́n tó dá wa lóhùn, wọ́n sì jókòó tì wá fún nǹkan bíi wákàtí méjì. Wọ́n kọ́kọ́ bèèrè ẹni tó ni ọkọ̀ náà, torí pé tó bá jẹ́ ti ìjọba, oṣù 3 péré ni òfin máa ń fúnni láti pẹjọ́. Wọ́n bèèrè bóyá ẹnì kan ló gba àbúrò mi síṣẹ́: bí òṣìṣẹ́ bá farapa níbi iṣẹ́ tàbí lójú ọ̀nà ibi iṣẹ́, òfin ọdún 2010 ní owó kan fún un lọ́dọ̀ NSITF, àjọ ìjọba tó ń san owó fún òṣìṣẹ́ tó bá farapa. Tiẹ̀ ò sí nínú ìyẹn, iṣẹ́ ara rẹ̀ ló ń ṣe.

Ìbéèrè tó tẹ̀ lé e ló mú mi gbà pé a ti dé ibi tó yẹ: “Ta ló ń sùn tì í lóru?” Màmá wa ni. Wọ́n ní kí Màmá ra ìwé kékeré, kí wọ́n máa kọ ohun tó bá gbàgbé, ìgbà tí orí bá ń fọ́ ọ, ìgbà tó bá bínú láìnídìí, pẹ̀lú déètì. Yorùbá ni Màmá fi kọ gbogbo rẹ̀. Ìwé yẹn, ìwé dókítà iṣẹ́ abẹ ọpọlọ, àti ọ̀rọ̀ ọ̀gá tó kọ́ àbúrò mi níṣẹ́, àwọn mẹ́ta yìí ló gbé ẹjọ́ wa dúró.

Ẹ tọ́jú rìsíìtì o. Owó tí ẹ bá ná tí ẹ ò ní ìwé rẹ̀, ó ṣòro kí adájọ́ kà á mọ́ ohun tí wọ́n máa dá padà fún yín. Oògùn tí a sáré lọ rà níta lóru, owó Máíkírà tí a ń wọ̀ lọ sí UCH lójoojúmọ́, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ṣòfò bẹ́ẹ̀.

Nígbà tó di oṣù kejì, àwọn méjì wá sílé láti iléeṣẹ́ tó ni bọ́ọ̀sì, wọ́n gbé ẹgbẹ̀rún 400 dání pẹ̀lú ìwé Gẹ̀ẹ́sì kan pé a ò ní bèèrè nǹkan kan mọ́ láéláé. Àbúrò mi ti na ọwọ́ sí bírò. Lásìkò yẹn, gbogbo ohun tí èèyàn bá sọ fún un, “bẹ́ẹ̀ ni” ló máa ń dáhùn. Mo pe lọ́yà, wọ́n gbé e lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo: “Ẹ gba bírò yẹn lọ́wọ́ rẹ̀ o!” Lọ́sẹ̀ yẹn náà ni wọ́n kọ̀wé sí iléeṣẹ́ náà pé ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ bá aláìsàn sọ̀rọ̀ mọ́ àfi nípasẹ̀ àwọn.

Lọ́yà wa fi nọ́ńbà ọkọ̀ náà wò ó lórí NIID, ibi tí àkọsílẹ̀ íńṣọ́ránsì ọkọ̀ máa ń wà, bóyá ó ní íńṣọ́ránsì, ó sì ní. Aṣojú íńṣọ́ránsì wá ń sọ pé mílíọ̀nù 3 ni òpin ohun tí àwọn lè san. Lọ́yà wa ṣí ìwé, wọ́n fi hàn án pé dúkìá tó bàjẹ́ ni mílíọ̀nù 3 yẹn wà fún, kì í ṣe ara èèyàn. Àwọn íńṣọ́ránsì tún gbé ọ̀rọ̀ akoto dé, pé àbúrò mi ò dé e. Òótọ́ ni, kò dé e, ó sì mú kí owó gbà-má-bínú náà dín kù. Kò pa ẹjọ́ náà.

Ohun tí mi ò fẹ́ràn ò kéré o. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n sún ẹjọ́ síwájú, a ti dé kóòtù tán kí a tó gbọ́. Àwọn lọ́yà kékeré ni wọ́n máa ń rán wá, a ó tún bẹ̀rẹ̀ àlàyé látìbẹ̀rẹ̀ lójú àbúrò mi tí orí ń fọ́. Bí ẹ bá pè wọ́n lọ́jọ́ Jímọ̀, ó di Ọjọ́rú kí wọ́n tó dáhùn. Ìdá kan nínú márùn-ún owó tó bá wọlé la fohùn ṣọ̀kan pé wọ́n máa mú, ṣùgbọ́n wọn ò sọ fún wa pé owó ìwé kóòtù àti owó ọkọ̀ wọn ò sí nínú rẹ̀. Ẹ bèèrè ìyẹn kí ẹ tó buwọ́ lùwé, kí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀.

Ẹni tí owó tó ń wọlé fún un ò bá ju owó oṣù tó kéré jù tí ìjọba là kalẹ̀ lọ, kó kọ́kọ́ lọ sí Legal Aid Council. Ẹjọ́ ìjàǹbá wà lára ohun tí òfin ọdún 2011 ní kí wọ́n máa bá èèyàn ṣe lọ́fẹ̀ẹ́. Ká ní mo mọ̀, ibẹ̀ ni màá ti bẹ̀rẹ̀.

Màá tún gbé ẹjọ́ lọ sọ́dọ̀ obìnrin yìí, màá sì bá wọn jà lórí fóònù. Ìlàjì owó náà ti dé, adájọ́ sì ti fọwọ́ sí àdéhùn náà, ó ti di ìdájọ́. Bí ìlàjì kejì bá wọlé, màá padà wá sọ iye tí wọ́n yọ nínú rẹ̀.