Mo gbé lẹ́ńsì 20mm lọ síbi ìdána ní Kubwa

Ẹ̀yin ará fótò Abuja, ẹ kú ọyẹ́ o. Sony FE 20mm f/1.8 G yìí, lẹ́ńsì tó ń rí ibi fífẹ̀, ọdún 2020 ló ti jáde, èmi ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fọwọ́ kàn án, mi ò tiẹ̀ rà á o, ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi yá a, torí mi ò lè kó owó tó ju mílíọ̀nù kan lọ lé lẹ́ńsì tí mi ò tíì dán wò, ẹ má bínú.

Pálọ̀ ni wọ́n ti ṣe ìdána náà, kì í ṣe họ́ọ̀lù. Ẹbí ọkọ láti Ògbómọ̀ṣọ́, ẹbí ìyàwó láti Èkìtì, àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì, gbogbo wa há síbẹ̀ bí ẹja sínú agolo. Lẹ́ńsì 50mm mi, tí kì í rí ibi fífẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, ì bá mú orí alága ìdúró nìkan. Mo fẹ̀yìn ti fíríìjì, mo gbé 20mm sójú, gbogbo ilé wọlé: àwọn tó dọ̀bálẹ̀, iṣu, ẹrù ìyàwó, títí kan ọmọ kan tó ń jí ṣinṣín jẹ lábẹ́ tábìlì.

Ìgbà tó yá NEPA ṣe tiwọn, kí wọ́n tó tan jẹ̀nẹ́rétọ̀, iná rechargeable kan ṣoṣo la ní. Níbẹ̀ ni mo ti mọ ohun tí f/1.8 (bí ojú lẹ́ńsì ṣe ń ṣí tó, nọ́ńbà tó kéré ló ń ṣí jù) wà fún. Lẹ́ńsì zoom mi kì í ṣí kọjá f/4, ISO (bí kámẹ́rà ṣe ń mú ìmọ́lẹ̀ pọ̀ sí i) 6400 ni ì bá gbà, fótò á sì dà bí ẹni tí wọ́n da yanrìn lé lórí, àmọ́ èyí ń gba ìmọ́lẹ̀ wọlé tó nǹkan bí ìlọ́po márùn-ún, ISO 1250 ni mo lò, òwú aṣọ òfì wọn yọ kedere. Fọ́kọ́ọ̀sì ẹ̀ yára, kò sì pariwo sínú fídíò.

Gèlè ló fẹ́ kó bá mi jà. Ìyá ìyàwó jókòó sí etí fótò, gèlè ẹ̀ fẹ̀ débi ilẹ̀kùn, ẹ̀rẹ̀kẹ́ tẹ̀lé e. Mámà wò ó títí, wọ́n ní, "Ọmọ mi, ta rèé? Èmi ni mo sanra báyìí?" Mo bẹ̀bẹ̀ títí. Ẹ̀bi lẹ́ńsì kọ́ o, gbogbo lẹ́ńsì tó bá fẹ̀ ló máa ń fa ẹni tó wà létí. Látìgbà yẹn, àgbàlagbà ń bọ̀ láàárín, àwọn ọ̀dọ́ ni mò ń tì sétí, tí wọ́n bá bínú kí wọ́n bínú.

Lọ́jọ́ kejì mo wakọ̀ lọ sí Madalla lọ ya Zuma, àpáta tó wà lẹ́yìn náírà 100 yẹn. Láti ojú títì, ó kéré bí òkúta ààrò! Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kí àpáta tóbi, ẹ mú lẹ́ńsì gígùn lọ jàre. Àmọ́ mo tẹrí ba sí òdòdó kan létí ọ̀nà, nǹkan bí 19cm sí kámẹ́rà, òdòdó kún iwájú, Zuma dúró lẹ́yìn, fótò yẹn ni mo fi ṣe status.

Gíráàmù 373 ni, ọrùn mi dúpẹ́. Fílítà ND 67mm, gíláàsì dúdú tó ń dín ìmọ́lẹ̀ kù, wọ̀ ọ́, oòrùn Abuja sì nílò ẹ̀. Kò ní stabilizer (ohun tí kì í jẹ́ kí àwòrán gbọ̀n) ṣá, tẹ́ ẹ bá ń rìn ya fídíò, ti ara kámẹ́rà lẹ máa gbẹ́kẹ̀ lé.

Mo dá a padà lọ́jọ́ Ajé. Ẹni tó ni ín ní ṣé n óò tún yá a, mo ní kó fi í pamọ́ dè mí di Sátidé, ìdána méjì ń bẹ ní Gwarinpa. Ti rírà, mo ṣì ń dá àjọ.