Ẹ̀rọ Ìbọ̀wọ́ Kékeré "Ti Iṣẹ́ Abẹ": Àyẹ̀wò fún Ẹni Tó Fẹ́ Dá Ilé Iṣẹ́ Sílẹ̀ ní Àkúrẹ́ tàbí Oǹdó

Oríṣi ẹ̀rọ kan wà tí àwọn oníṣòwò ilẹ̀ Ṣáínà àti Íńdíà ń polówó fún ẹni tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ìbọ̀wọ́ ṣíṣe. Orúkọ tí wọ́n fún un pọ̀, ẹ̀rọ náà kò yàtọ̀: férémù irin kan tó ń gbé nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọwọ́ tánganran (ère ọwọ́ tí wọ́n ń rì bọ inú oje rọ́bà kí ìbọ̀wọ́ lè dì mọ́ ọn lára) sókè sódò, táńkì mẹ́rin tàbí márùn-ún tí wọ́n tò tẹ̀ léra, àti ààrò kan ní ìparí. Wọ́n á kọ "surgical" sí i lára. Wọ́n á sì sọ fún ará Oǹdó pé ṣebí igi rọ́bà wà lọ́dọ̀ yín, kí lẹ tún ń dúró dè?

Ìdájọ́ wa rèé fún ẹni tí kò ráyè ka ìwé gígùn. Fún ìbọ̀wọ́ ìfọbọ́ àti ti iṣẹ́ oko, ẹ̀rọ yìí tó owó rẹ̀, tí ẹ bá tún nǹkan méjì ṣe lára rẹ̀. Fún ìbọ̀wọ́ àyẹ̀wò, ìyẹn èyí tí nọ́ọ̀sì ń fà yọ nínú páálí, ó lè ṣe é, àmọ́ owó tí ti òkèèrè ń lọ ní ọjà yóò lé yín kúrò. Fún ti iṣẹ́ abẹ, ìdajì iṣẹ́ ló lè ṣe, ìdajì tó rọrùn sì ni.

Ọwọ́ tánganran ni ká kọ́kọ́ wò, nítorí ibẹ̀ ni ẹ̀tàn pọ̀ sí jù. Ìbọ̀wọ́ tí nọ́ọ̀sì ń fà yọ nínú páálí ọlọ́gọ́rùn-ún kò ní ọ̀tún, kò ní òsì. Ti iṣẹ́ abẹ ní ọ̀tún, ó ní òsì. Àtàǹpàkò rẹ̀ tẹ̀ síwájú bíi ti ọwọ́ ènìyàn, ó gùn kọjá ọrùn ọwọ́, nọ́ńbà ni wọ́n sì fi ń rà á, láti 5½ títí dé 9. Nọ́ńbà 7 fẹ̀ tó nǹkan bíi mílímítà 89 ní àtẹ́lẹwọ́, 7½ fẹ̀ tó 95, gígùn àwọn méjèèjì kò sì gbọdọ̀ dín ní mílímítà 270 lábẹ́ ìlànà Yúróòpù EN 455. Tí olùtajà bá fi àwòrán ránṣẹ́, àtàǹpàkò ni kí ẹ wò. Tó bá tẹ́ pẹrẹsẹ pẹ̀lú àwọn ìka yòókù, ti àyẹ̀wò ni, ohun yòówù kí wọ́n kọ sí i lára. Ẹ ní kí wọ́n fún yín ní ọ̀tún àti òsì ní iye kan náà, kí 7, 7½ àti 8 pọ̀ jù, kí 6½ tẹ̀ lé wọn. Ẹ ra àfikún pẹ̀lú. Tánganran ń fọ́, èyí tó bá sì sán díẹ̀ ní orí ìka yóò máa lu gbogbo ìbọ̀wọ́ tó bá tibẹ̀ jáde.

Férémù náà lágbára, mọ́tò rẹ̀ kì í sábà dá wàhálà sílẹ̀. Àbùkù rẹ̀ ni pé sókè sódò nìkan ló ń lọ. Nígbà tí ọwọ́ bá jáde nínú oje rọ́bà, oje tó kù lára rẹ̀ máa ń sàn lọ sí orí ìka, á sì kóra jọ síbẹ̀. Orí ìka á nípọn, àtẹ́lẹwọ́ á fúyẹ́, ibi tó nípọn kò sì ní tètè gbẹ, tó bá dé inú ààrò á lé ròrò. Ẹ̀rọ ńlá ń yí ọwọ́ náà padà, tí ìka á fi kọjú sókè, kí oje lè tàn kálẹ̀. Èyí ni àtúnṣe àkọ́kọ́: ẹ ní kí wọ́n ṣe férémù tó lè dojú dé, kó sì máa yí. Ẹ tún bèèrè bóyá ìyára mọ́tò ṣeé dín kù. Ọwọ́ gbọ́dọ̀ rọra wọlé. Tó bá já wọlé gbì, afẹ́fẹ́ á há sí àárín ìka, ibi tí ìbọ̀wọ́ sì ti máa ń lu jù nìyẹn.

Táńkì oje tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ jẹ́ irin tí kì í dípẹtà, ìyẹn dára. Àmọ́ ẹ wo ẹnu páìpù àti fáàfù. Tí idẹ tàbí bàbà bá wà níbẹ̀, ẹ yọ ọ́ kúrò kí oje tó kàn án. Bàbà àti manganese ni ọ̀tá rọ́bà: ìwọ̀n bíńtín nínú oje ti tó láti mú kí ìbọ̀wọ́ máa lẹ̀ mọ́ra, kó sì máa já nínú páálí kó tó dé ọ̀dọ̀ dókítà. Táńkì náà nílò awọ méjì kí omi tútù lè máa yí i ká, nítorí oje tó yẹ kó wà láàárín 25 sí 30 lórí òṣùwọ̀n Celsius kò ní dúró síbẹ̀ ní ọ̀sán oṣù Kejì ní Àkúrẹ́. Abẹ ìrúnlẹ̀ rẹ̀, ìyẹn èyí tó ń ro oje nínú táńkì, gbọ́dọ̀ lọ wọ́ọ́rọ́. Èyí tó ń sáré á kó ìfófò wọ inú oje.

Ààrò ni àtúnṣe kejì. Iná mànàmáná ni wọ́n fi ń ṣe èyí tó wọ́pọ̀, rọ́bà sì nílò 100 sí 120 Celsius fún nǹkan bí ogún sí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kó tó jinná. Tí iná bá lọ láàárín rẹ̀, ẹrù ọgọ́rùn-ún ìbọ̀wọ́ náà di ìdọ̀tí. Jẹnẹrétọ̀ tó máa gbé irú ààrò bẹ́ẹ̀ ń jẹ dísù kọjá èrè. Ẹ ní kí wọ́n ṣe ti gáàsì, kí iná tí BEDC bá mú wá máa yí mọ́tò àti abẹ ìrúnlẹ̀ nìkan. Bátìrì kékeré lè gbé ìyẹn ró. Abẹ náà kò gbọdọ̀ dákẹ́ lóru, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ojú oje á yí awọ.

Ká wá dé orí oje, tí kì í ṣe ara ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n tí àwọn tó ń ta ẹ̀rọ máa ń fi ṣe ìpolówó. Òótọ́ ni pé oko rọ́bà wà ní Aràròmí Obù ní ìjọba ìbílẹ̀ Òdígbó. Ohun tí àgbẹ̀ ń tà jù ni èyí tó ti dì sínú ife, gbẹ̀ǹdẹ̀ lásán. Gbẹ̀ǹdẹ̀ wúlò fún táyà àti bàtà. Kò sí ọ̀nà tí yóò fi padà di oje tí a lè ri ọwọ́ bọ̀. Oje tútù láti ara igi náà kò tíì tó: rọ́bà inú rẹ̀ kò ju bí ìdá 30 sí 40 nínú ọgọ́rùn-ún lọ, láàárín wákàtí mélòó kan ó sì ti ń dì tí wọn kò bá fi amóníà sí i lójú oko. Èyí tí ìbọ̀wọ́ ń fẹ́ ni oje tí wọ́n ti fi séńtrífúùjì (ẹ̀rọ tó ń yí oje kíákíá) ya omi kúrò nínú rẹ̀ títí rọ́bà fi tó 60 nínú ọgọ́rùn-ún. Séńtrífúùjì kò sí lára ohun tí ẹ ń rà yìí. Nítorí náà, ẹ̀yin tí ilé iṣẹ́ yín wà ní wákàtí díẹ̀ sí oko rọ́bà lè máa ra oje inú dúrọ́ọ̀mù láti ọ̀nà jíjìn. Tí ẹ bá fẹ́ rà á, ẹ bèèrè ìwé àyẹ̀wò tó tẹ̀ lé ìlànà àgbáyé tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ ISO 2004: rọ́bà 60 nínú ọgọ́rùn-ún, amóníà tí kò dín ní 0.60 nínú ọgọ́rùn-ún, ìdúróṣinṣin oje nígbà tí a bá rún un tí kò dín ní ìṣẹ́jú-àáyá 650. Ọ̀rọ̀ tó jinlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ilé ìwádìí rọ́bà wà ní Iyanomo lẹ́gbẹ̀ẹ́ Benin, kò jìnnà.

Ìṣirò kékeré kan: ìbọ̀wọ́ iṣẹ́ abẹ kan wọ̀n tó gíráàmù 10 sí 12. Dúrọ́ọ̀mù oje oní-lítà 200 kò lè ju nǹkan bí 10,000 ìbọ̀wọ́ lọ, ìyẹn 5,000 méjì-méjì, tí ohunkóhun kò bá ṣòfò. Ó sì máa ń ṣòfò.

Ibi pípo oje mọ́ kẹ́míkà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń kọsẹ̀. Fún 100 kílò rọ́bà gbígbẹ, imí-ọjọ́ bíi 0.5 sí 1 kílò, zinc oxide bíi 0.3 sí 0.5, ZDEC, kẹ́míkà tó ń mú kí rọ́bà tètè jinná, bíi 0.5 sí 0.8, àti adènà-ọjọ́-ogbó bíi 0.5 sí 1. Ẹ má da ìyẹ̀fun wọn sínú oje gbẹrẹfu. Ẹ kọ́kọ́ fi omi lọ̀ wọ́n nínú ìlù tó ń yí pẹ̀lú ọmọ-ọlọ fún ọjọ́ kan sí mẹ́ta, kó kúnná. Èyí tí kò bá kúnná á rì sí ìsàlẹ̀ táńkì. Oje òkè kò ní jinná, ìyẹ̀fun ìsàlẹ̀ á sì di èérún tó ń lu ìbọ̀wọ́. Lẹ́yìn tí ẹ bá pò ó tán, kó sinmi fún wákàtí 24 sí 48, kí ẹ sì fi kẹ́míkà chloroform dán an wò: ẹ da ìwọ̀n kan náà pọ̀ mọ́ oje díẹ̀, ẹ wo ohun tó bá dì. Tó bá ń fà bíi ṣingọ́ọ̀mù, kò tíì tó. Tó bá fọ́ yángá bí gàárì, ó ti kọjá. Àárín méjèèjì ni ẹ ń wá.

Lórí ẹ̀rọ, ọwọ́ tó mọ́ á kọ́kọ́ wọ omi amúdì, ìyẹn calcium nitrate bíi 10 sí 15 nínú ọgọ́rùn-ún pẹ̀lú ìyẹ̀fun calcium stearate kí ìbọ̀wọ́ má bàa lẹ̀ mọ́ tánganran, á gbẹ, lẹ́yìn náà á wọ oje tí ẹ ti fi omi là títí rọ́bà inú rẹ̀ fi jẹ́ 30 sí 40 nínú ọgọ́rùn-ún. Kó dúró níbẹ̀ fún ìṣẹ́jú-àáyá mélòó kan, bó bá ṣe pẹ́ sí ni yóò ṣe nípọn sí. Kó tó wọ ààrò, kó wọ omi gbígbóná bíi 60 sí 70 Celsius. Ẹ̀rọ tí a ń yẹ̀ wò yìí fún omi gbígbóná ní táńkì kan ṣoṣo, ó sì kéré. Ibẹ̀ ni iyọ̀ kalísíọ̀mù àti èròjà tó ń mú ara àwọn kan yún ti ń jáde kúrò lára rọ́bà. Omi tó ti dọ̀tí kì í fọ nǹkan, torí náà ó gbọ́dọ̀ máa ṣàn wọlé ṣàn jáde. Kí ẹ yẹ omi kànga ẹ̀rọ wò kí ẹ tó ra ilẹ̀: tí bọ́kẹ́ẹ̀tì bá ń ya àwọ̀ ìpẹtà, irin pọ̀ níbẹ̀, ẹ ó nílò àsẹ́.

Páúdà tí wọ́n ń fi sínú ìbọ̀wọ́ kó lè rọrùn láti wọ̀? Ẹ gbàgbé rẹ̀. Amẹ́ríkà ti fòfin de ìbọ̀wọ́ onípáúdà ní ilé ìwòsàn láti oṣù Kìíní 2017. Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ níláti fọ ìbọ̀wọ́ rẹ̀ pẹ̀lú chlorine tàbí kó fi ìpara pólímà bò ó nínú, ẹ̀rọ tí ìyẹn ń gbà kò sì sí nínú ẹrù náà.

Ní ti iye tó ń mú jáde, férémù kan ń lò tó wákàtí kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Wákàtí mẹ́jọ, 800 ìbọ̀wọ́, kí a tó yọ èyí tó bàjẹ́. Ẹ̀rọ onísẹ́ẹ̀nì ti Malaysia ń ṣe ju 30,000 lọ ní wákàtí kan. Ìdí nìyẹn tí a fi sọ pé ẹ má fi ìbọ̀wọ́ àyẹ̀wò bá wọn dupò ní Ọjà Ọba tàbí nínú àwọn ṣọ́ọ̀bù oògùn ní Àkúrẹ́.

Ohun tó sọ ìbọ̀wọ́ di ti iṣẹ́ abẹ gan-an ni pípa kòkòrò àrùn lẹ́yìn tí wọ́n bá ti dì í ní méjì-méjì: ìtànṣán gámà, 25 kGy (òṣùwọ̀n ìtànṣán) ni wọ́n máa ń lò, tàbí gáàsì ethylene oxide. Ẹ má gba ẹni tó bá ní kí ẹ fi ooru omi sè é. Ó ń sọ rọ́bà di aláìlágbára. Ìjọba àpapọ̀ ní ilé ìtànṣán gámà ní Sheda lẹ́gbẹ̀ẹ́ Àbújá. Kí ẹ lọ bá wọn sọ̀rọ̀ kí ẹ tó sanwó ẹ̀rọ, kí ẹ sì ka owó ọkọ̀ mọ́ ọn. NAFDAC ló ń forúkọ ìbọ̀wọ́ náà sílẹ̀, wọ́n á wá wo ilé iṣẹ́ fúnra wọn. SON, àjọ tó ń rí sí dídára ọjà, náà ní ìwé ẹ̀rí MANCAP fún ohun tí a ṣe nílé. Ilé ìwòsàn ìjọba bíi UNIMEDTH tàbí FMC Ọ̀wọ̀ kò lè ra èyí tí kò ní nọ́ńbà NAFDAC.

Kí ẹ tó san ìyókù owó, ẹ ní kí olùtajà fi igba ìbọ̀wọ́ láti inú ẹ̀rọ yín gan-an ránṣẹ́. Ẹ so ọ̀kọ̀ọ̀kan rọ̀, ẹ da omi lítà kan sínú rẹ̀, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú méjì, ẹ fi ọwọ́ gbígbẹ nu àárín ìka. Èyí tó bá jò, ẹ kọ ibi tó ti jò sílẹ̀: tó bá jẹ́ àárín ìka ni wọ́n ń jò sí, ìyára férémù ni, tó bá jẹ́ orí ìka kan náà lórí ọ̀pọ̀ wọn, ọwọ́ tánganran kan ti sán, tó bá tàn káàkiri láìní ibì kan, oje tí wọn kò sẹ́ ni.